MÓSÈ MAIMONIDES, ẸNI TÍ Ó WÁ ÌDÍ ÒFIN

Ní ọjọ́ kan, ọmọdé kan nínú kíláàsì bi mí léèrè ìdí tí òun fi ní láti pa òfin kan mọ́. N kò rí èsì fún un ju pé òfin ni. Ojú tì mí. Ohun tí ó mú kí n ka ìtàn Maimonides nìyẹn, òun náà ni mo sì ń sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́.

Júù ni, ìlú Córdoba ní Sípéènì ni a ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1138. Nígbà tí àwọn Almohad gba ìlú náà ní 1148, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀sìn Júù mọ́. Ìdílé rẹ̀ di alárìnkiri. Wọ́n gbé Fez ní Mòrókò, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Fustat ní Íjíbítì. Dáfídì àbúrò rẹ̀, oníṣòwò tí ó ń bọ́ gbogbo ilé, bá òkun Íńdíà lọ. Ìbànújẹ́ dá Maimonides dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Nígbà tí ó dìde, iṣẹ́ ìṣègùn ni ó fi ń jẹun, títí ó fi di oníṣègùn láàfin.

Àwọn rábì ìgbàanì ti kọ́ni nínú Talmud pé òfin 613 ni a fún Mósè: 365 jẹ́ èèwọ̀, bí iye ọjọ́ inú ọdún, 248 jẹ́ àṣẹ ohun tí a ó ṣe, bí iye ẹ̀yà ara ènìyàn. Maimonides kọ ìwé kan tí ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ.

Àwọn kan gbà pé àṣẹ ọba ni òfin, a kì í sì bi ọba pé kí ló dé. Maimonides kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé amọ̀nà tí ó kọ fún àwọn tí ọkàn wọn dàrú, ní nǹkan bí 1190, ó ṣàlàyé pé Ọlọ́run kì í pàṣẹ lásán. Bí òfin bá ní kí a jẹ́ kí ìyá ẹyẹ lọ kí a tó kó ọmọ rẹ̀, ìdí rẹ̀ ni pé ìyá ẹranko a máa jẹ̀rora lórí ọmọ bí ìyá ènìyàn. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ pé kí ènìyàn wádìí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n òfin tí kò bá rí ìdí rẹ̀, kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ó kú ní 1204. Èmi padà tọ ọmọ náà lọ, mo sọ ìdí tí mo mọ̀ fún un, mo sì jẹ́wọ́ èyí tí mo ṣì ń wá.