Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 1861, ni wọ́n bí Ògúntọ́lá Sàpárà ní ìlú Freetown ní ilẹ̀ Saró. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá sì ni ìyá rẹ̀. Òwò ẹrú ni ó gbé bàbá rẹ̀ dé Saró. Ní 1876, ẹbí náà kó wá sí Èkó.

Alexander Johnson Williams ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògúntọ́lá kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ilẹ̀ Scotland. Ní òkè òkun níbẹ̀ ni ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Ògúntọ́lá Sàpárà.

Ní 1896, ìjọba gbà á síṣẹ́ dókítà ní Èkó. Ní ọdún kejì, àrùn ṣànpọ̀nná bẹ́ sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àrùn yìí a máa pa tọmọdé tàgbà. Dókítà Sàpárà wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣànpọ̀nná ní bòńkẹ́lẹ́. Nígbà tí ó jáde, ó jábọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn ran ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí wọ́n lè kó ẹrù rẹ̀ bí ó bá kú. Lẹ́yìn náà, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Dókítà Sàpárà sì ń rọ àwọn ènìyàn láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ṣé ìjọba wá ka irú dókítà bẹ́ẹ̀ sí bí ó ti yẹ? Rárá o. Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sí ẹgbẹ́ kan. Ẹni tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe òyìnbó kò lè wọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú sí ìwé ọ̀tọ̀, owó wọn sì kéré. Dókítà òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò jẹ́ ọ̀gá fún aláwọ̀ dúdú tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní òyìnbó kò ní fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tọ́jú òun. Ilé ìwòsàn òyìnbó wà lọ́tọ̀ ní Èkó, ti ọmọ ilẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú òyìnbó kan náà ni Sàpárà àti àwọn dókítà òyìnbó ti kọ́ṣẹ́.

Síbẹ̀, Dókítà Sàpárà kò fi àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ó gbógun ti ikọ́ ife ní 1918. Ó ṣiṣẹ́ kí ilé ìgbàtọ́jú òpópó Massey lè dára. Ilé náà ni ó di ilé ìwòsàn ọmọdé lẹ́yìn náà. Ó tún ṣe ìwádìí ewé àti egbò ilẹ̀ wa. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó sì kú ní 1935.

Kò pẹ́ láyé tó láti rí òpin ìyàsọ́tọ̀ náà. Ní 1947, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó kọ̀ láti gba òṣìṣẹ́ ìjọba kan nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Inú bí aráàlú, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba sì kéde pé ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dópin. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ènìyàn bá kán lẹ́sẹ̀ lónìí, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì, kò sí ẹni tí yóò wo àwọ̀ ara rẹ̀ kí ó tó tọ́jú rẹ̀. Àrùn kò mọ òyìnbó, kò mọ ènìyàn dúdú. Ohun tí Dókítà Sàpárà kọ́ wa ni pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fojú kéré wa, kí a má ṣe fojú kéré iṣẹ́ wa.