FANNY CROSBY: AFỌ́JÚ TÍ Ó FI AYỌ̀ LO AYÉ RẸ̀

Ìtàn tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti obìnrin kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ orin rẹ̀ láti kékeré láìmọ orúkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn tí a bá wà níbi ìsìnkú, a máa ń kọ orin kan tí ó sọ nípa ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu gbogbo nítorí pé ó wà lọ́wọ́ Jésù. Obìnrin yìí ni ó kọ ọ́. Bákan náà ni orin tí a fi ń bẹ Olùgbàlà pé bí Ó ti ń bẹ ẹlòmíràn wò, kí Ó yà lọ́dọ̀ tiwa náà. Orúkọ rẹ̀ ni Fanny Crosby. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwa ni ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, afọ́jú sì ni láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́.

Ìdí tí a fi yan ìtàn rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń dúró kí ìṣòro kan tán ná, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé wa. Àwa tí ọkọ wa ti kú, àwa tí a ń wá ọmọ, àwa tí ara wa kò le, olúkúlùkù wa ni ó ní ohun tí ó ń wò. Ìṣòro ti Fanny Crosby kò tán títí ó fi kú ní ẹni ọdún 94. Síbẹ̀ ó lo gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tán pátápátá.

Ìbí rẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe fọ́

A bí Frances Jane Crosby ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 1820, ní abúlé kan lẹ́bàá Brewster, ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí ó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú rẹ̀ wú. Oníṣègùn tí wọ́n mọ̀ kò sí nílé, ni ọkùnrin kan bá dìde tí ó ní òun lè wò ó. Ó fi egbòogi gbígbóná di ojú ọmọ náà. Ìwúlé náà lọ, ṣùgbọ́n ọmọ kò ríran mọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan lónìí rò pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé láti inú oyún ni àrùn ojú náà ti wà, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ni ẹbí rẹ̀ dá lẹ́bi. Fanny fúnra rẹ̀ kò di kùnrùngbùn sí i. Nígbà tí ó dàgbà, ó jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí òun bá pàdé rẹ̀, ọpẹ́ ni òun yóò dú, nítorí pé Ọlọ́run ti lo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà.

Kí ó tó pé ọdún kan ni bàbá rẹ̀ kú. Ìyá rẹ̀ Mercy, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, lọ ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n lè rí jẹ. Nígbà tí Fanny tó nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá gbé e lọ sí ìlú New York, sọ́dọ̀ Valentine Mott, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ tí ó lókìkí jù lọ nígbà náà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àwa tí a ti gbé ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn rí, tí a sì gbé e padà láìsí ìrètí, a mọ bí ọ̀nà ilé ṣe máa ń gùn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ni Ọlọ́run fi tu ọmọ náà nínú. Eunice, ìyá àgbà rẹ̀, pinnu pé òun ni òun yóò jẹ́ ojú fún un. Ó máa ń mú un jáde lọ sínú pápá, á fi òdòdó sí i lọ́wọ́, á sọ àwọ̀ rẹ̀ fún un, á sọ bí oòrùn ṣe ń wọ̀, á sì kọ́ ọ láti mọ ẹyẹ nípa ohùn rẹ̀. Ó ń ka Bíbélì fún un. Lẹ́yìn náà, obìnrin onílé kan tí wọ́n gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ridgefield, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà, ó ń mú kí ọmọ náà há orí Bíbélì márùn-ún sórí lọ́sẹ̀. Kí Fanny tó pé ọmọ ọdún 15, ó ti mọ Ìwé Mósè márààrún, Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Òwe, Orin Sólómọ́nì àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ Sáàmù lórí.

Kì í ṣe pé kò sunkún o. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó máa ń dùn ún gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ṣe ewì kan nínú èyí tí ó ti pinnu pé ìtẹ́lọ́rùn ni òun yóò yàn, òun kò ní fi ẹkún lo ọjọ́ ayé òun. Ìpinnu ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó mú un ṣẹ fún ọdún 86.

Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú

Ní ọdún 1835 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní New York gbà á wọlé. Ìṣirò kò bá a lára mu rárá, ṣùgbọ́n ó mọ ewì, ó ń kọrin, ó sì ń ta háàpù, dùùrù àti gìtá. Ní ọdún 1844 ó tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nínú àwọn ọdún 1840 kan náà, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Washington, ó sì ka ewì rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè rí i pé ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn afọ́jú níwèé. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ náà títí di ọdún 1858. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Grover Cleveland, máa ń bá a kọ ewì rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá ti ń pè é fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1885, ọ̀rẹ́ Fanny sì ni títí ó fi kú.

Ní ọdún 1849, àrùn onígbáméjì jà ní New York. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò nílùú. Fanny kò lọ, ó dúró láti tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ikú tí ó rí lákòókò náà mú kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bí òun bá ti ṣe tán láti pàdé Ọlọ́run. Obìnrin tí ó ti mọ Bíbélì lórí láti kékeré ni, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpàdé ìsọjí àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1850, bí wọ́n ti ń kọ orin àtijọ́ kan tí Isaac Watts kọ nípa ikú Olùgbàlà, ó fi ara rẹ̀ fún Olúwa pátápátá, ìmọ́lẹ̀ sì wọ inú ọkàn rẹ̀.

Ìgbéyàwó rẹ̀ àti ìbànújẹ́ rẹ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 1858, ó fẹ́ Alexander van Alstyne, afọ́jú bíi tirẹ̀, tí ó mọ orin dáadáa. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n bí ọmọ kan, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dàgbà, ó kú ní kékeré. Kò tún bí òmíràn. Títí ayé rẹ̀, kò fẹ́ máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí ó sì yá, ní nǹkan bí ọdún 1880, òun àti ọkọ rẹ̀ kò gbé pọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò di ọ̀tá títí ọkọ náà fi kú ní ọdún 1902. A kò fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ilé aláyọ̀ kì í ní ìyẹ̀wù tí a ti ń sunkún.

Iṣẹ́ orin kíkọ

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin ìyá. Ó ti tó ẹni ọdún 43 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 1864 ni William Bradbury, tí ó ń tẹ ìwé orin, ní kí ó máa bá òun kọ orin ìsìn. Láti ìgbà náà lọ, orin tí ó kọ ju 8,000 lọ. Nítorí pé àwọn tí ó ń tẹ ìwé kò fẹ́ kí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo kún inú ìwé wọn, nǹkan bí 200 orúkọ mìíràn ni wọ́n fi tẹ orin rẹ̀. Dọ́là kan tàbí méjì ni ó ń gbà lórí orin kan. Inú orí rẹ̀ ni ó ti ń tò wọ́n, á gbàdúrà ná, á tò ó tán, á wá pè é fún ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bíbélì tí ìyá àgbà àti obìnrin onílé gbìn sí i nínú ni ó ń kórè.

Ní ọdún 1868, William Doane, ẹni tí ó ń bá a ṣe ohùn orin, sáré wọlé pẹ̀lú ohùn tuntun kan, ọkọ̀ ojú irin sì ń dúró dè é. Láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Fanny ti tò orin ìsinmi lọ́wọ́ Jésù tí a mẹ́nu bà lókè tán. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyá tí ọmọ wọn kú ni ó rí ìtùnú gbà nínú rẹ̀, ẹni tí ó sì kọ ọ́ mọ ọgbẹ́ wọn. Ní ọdún kan náà, ó lọ wàásù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn tí ó ń bẹ Olúwa pé kí Ó má ṣe fo òun dá. Láti ibẹ̀ ni orin ẹ̀bẹ̀ yẹn ti wá. Ní ọdún 1873, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Phoebe Knapp, obìnrin Mẹ́tọ́díìsì, ta ohùn kan fún un lórí dùùrù, ó sì bi í pé kí ni ohùn náà ń sọ. Fanny dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìdánilójú tí onígbàgbọ́ ní nínú Jésù ni. Orin náà ti di ti gbogbo ìjọ káàkiri ayé.

Òmíràn wà tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1875, tí ó fi ògo fún Ọlọ́run nítorí iṣẹ́ ńlá tí Ó ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọdún 1954, nígbà tí Billy Graham ṣe ìpàdé ńlá ní London tí ó sì gbé orin náà padà sí Amẹ́ríkà, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó gbìn ín ti kú láti ọdún 39 sẹ́yìn.

Owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ó máa ń fún àwọn tí kò ní. Àdúgbò àwọn tálákà ní New York ni ó ń gbé, ó sì ń lọ sí àwọn ilé ìrànwọ́ ní Bowery, níbi tí àwọn ọ̀mùtí àti àwọn tí kò nílé pọ̀ sí. Ó máa ń jókòó tì wọ́n, á bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ọdún 1900 ó kó lọ sí Bridgeport, ní Connecticut, lọ́dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kò ṣíwọ́ orin kíkọ àti ìwàásù. Ó máa ń sọ fún àwọn tí ó bá ń káàánú rẹ̀ pé ojú Jésù ni ojú àkọ́kọ́ tí òun yóò rí, àti pé ìyẹn tó òun. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1915. Òkúta kékeré ni wọ́n fi sí ibojì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ nípa obìnrin olóróro ìkunra ní Bẹ́tánì sí i, pé ó ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká.

Kí ni a rí kọ́?

Èkíní, ayọ̀ Màmá Fanny kì í ṣe ti ẹni tí kò mọ ìbànújẹ́. Ó sunkún, ó sin ọmọ, ó tòṣì. Lójoojúmọ́ ni ó ń yan ìtẹ́lọ́rùn lọ́tun, Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì fi ń rí i yàn.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Bí arábìnrin kan bá wà láàárín wa tí ojú rẹ̀ fọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tàbí tí kò bímọ, kí a má sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ ni kò tó tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ta ni ó tó ti Fanny Crosby? Síbẹ̀ kò ríran. Dípò kí a máa wádìí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe bíi ti Eunice, kí a di ojú fún afọ́jú àti ẹsẹ̀ fún arọ.

Ẹ̀kẹta, ìtẹ́lọ́rùn kò ní kí a má tọ́jú ara. Bí ojú ọmọ bá pọ́n tàbí tí ó ń ṣepin, ẹ má ṣe kán omi ọyàn, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ojú bá sì ti fọ́ kọjá àtúnṣe, ẹ má fi ọmọ náà pamọ́ sínú yàrá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wà fún wọn, bíi Pacelli ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, tí ó ti wà láti ọdún 1962.

Ẹ̀kẹrin, kò tíì pẹ́ jù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni ọdún 43 bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ 8,000 orin. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ìbáà ṣe ìkòkò ọbẹ̀, ìbáà ṣe ohùn orin.

Kí Ọlọ́run tí ó gbé Màmá Fanny ró gbé àwa náà ró, kí a lè ṣe ìwọ̀n tí agbára wa ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmín.