Colin Chapman, Alágbẹ̀dẹ Ọkọ̀ Fífúyẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú Kìṣí rí nígbà ọyẹ́ yóò mọ̀ pé ọwọ́ ara ẹni náà ni a fi ń tún ọkọ̀ ara ẹni ṣe. Bí alùpùpù bá dákú lójú ọ̀nà Kìṣí sí Ìgbòho, tí eruku sì bo igbó lọ́tùn-ún lósì, ta ni ènìyàn yóò ké sí? Ẹni tí ó gùn ún ni yóò bọ́ sílẹ̀, tí yóò tú pulọ́ọ̀gì, tí yóò nù ún, tí yóò wò ó bóyá ó ń ta iná. Èrò ọkàn mi ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò tètè lóye ìgbésí ayé Colin Chapman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, n ó sì sọ ọ́ tibi-tire, nítorí tibi-tire ni a dá ilé ayé.

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1928 ni a bí Chapman ní Richmond, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. Hornsey, ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ti dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bójú tó ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Railway Hotel. Nígbà tí ó tó ọmọ yunifásítì, ó wọ University College London láti kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, pàápàá apá tí ó jẹ mọ́ bí a ṣe ń kọ́ afárá àti ilé ńlá tí kò fi ní wó. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ni ó gbájú mọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n sì ń tún un tà. Nígbà tí ọdún 1947 ń parí lọ, ìjọba dá epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pín fún àwọn ará ìlú dúró, ọjà ọkọ̀ sì kú lójijì. Ó ku ọkọ̀ kan ṣoṣo sọ́wọ́ rẹ̀, ògbólógbòó Austin Seven. Kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sì gbọ́ èyí pẹ̀lú: Chapman fìdí rẹmi nínú ìṣirò nígbà ìdánwò àṣekágbá. Ọdún 1949 ni ó padà lọ tún un ṣe kí ó tó gba oyè rẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò rí rà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni ó di ìpìlẹ̀ ọlá rẹ̀. Ó gbé e lọ sí gáréèjì kan lẹ́yìn ilé àwọn òbí Hazel Williams, ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti bọ́ gbogbo ara ọkọ̀ náà kúrò, tí ó fi pákó pẹlẹbẹ àti alumínọ́ọ̀mù ṣe ara mìíràn fún un. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1952, ó dá ilé-iṣẹ́ Lotus sílẹ̀ ní ibùso ẹṣin àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn ilé ọtí bàbá rẹ̀. Pọ́n-ùn 25 tí Hazel yá a wà lára owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1954. Lọ́sàn-án, Chapman ń ṣiṣẹ́ oṣù ní ilé-iṣẹ́ alumínọ́ọ̀mù. Lálẹ́, ó ń ṣe ọkọ̀.

Kí ni ó ya Chapman sọ́tọ̀? Ohun tí ó dá lójú ni pé ìwúwo ni ọ̀tá ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó bá wúwo yóò fẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá. Ẹ́ńjìnnì ńlá yóò fẹ́ bíréèkì ńlá àti táyà ńlá. Àwọn wọ̀nyí yóò sì tún fi kún ìwúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọkọ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré tó o, yóò yára yà ní kọ́nà, yóò sì tètè dúró. Lotus Seven tí ó gbé jáde ní 1957 kò ju nǹkan bí 500 kílò lọ. Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí ó fi ta Seven jọni lójú. Nígbà náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó orí lórí ọkọ̀ tí a ti tò parí, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà á lórí ọkọ̀ tí a tà ní wẹ́wẹ́. Nítorí náà ni Chapman ṣe ń di ọkọ̀ náà sínú àpótí, tí ẹni tí ó rà á sì ń tò ó fúnra rẹ̀ nílé. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí òfin kò gbà kí a fi ìwé ìlànà bí a ṣe ń tò ó kún un, ìwé bí a ṣe ń tú u ni Chapman kọ, ó sì kù sí ọwọ́ olówó ọkọ̀ láti kà á láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Olóye ẹ̀dá ni!

Ẹni tí ó bá fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́: epo, atẹ́gùn àti iná. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí, olówó rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wò bóyá epo ń dé kabúrétọ̀. Lẹ́yìn náà, yóò tú pulọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá funfun, epo ni kò tó. Bí ó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ara ẹ́ńjìnnì le. Bí pulọ́ọ̀gì kò bá ta iná rárá, yóò wo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì, yóò ha ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀, yóò sì wọn àlàfo rẹ̀. Ọkọ̀ fífúyẹ́ a sì máa gbọ̀n, gbígbọ̀n a máa tú nọ́ọ̀tì. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì.

Lotus Elan tí ó dé ní 1962 tún fúyẹ́ ju bí ojú ti rí i lọ. Irin kan ṣoṣo ni ó gba àárín rẹ̀ kọjá bí ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn, fáíbà sì ni gbogbo ara rẹ̀. Fáíbà kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè gbé iná. Nínú ọkọ̀ onírin, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì. Nínú Elan, wáyà ni ó gbọ́dọ̀ gbà padà. Bí iná ọkọ̀ náà bá ń ṣe bàìbàì, ọlọ́gbọ́n kì í sáré pààrọ̀ gílóòbù. Ẹnu wáyà tí ń dá iná padà ni yóò wò bóyá ó ti dípẹtà. Yóò tún tẹjú mọ́ àwọn rọ́bà tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí bí wọ́n bá gbó, wọ́n a máa sán.

Lórí pápá eré ìje ni òkìkí Chapman ti kàn dé gbogbo ayé. Jim Clark, àgbẹ̀ aláàgùntàn láti Scotland, fi ọkọ̀ Lotus gba ipò ẹni àkọ́kọ́ láyé ní 1963 àti 1965. Ọdún 1965 yìí kan náà ni ó borí ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Graham Hill gbà á ní 1968, Jochen Rindt ní 1970, Emerson Fittipaldi ní 1972 àti Mario Andretti ní 1978. Ìgbà méje ni ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gba ife àwọn tí ń ṣe ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: ibi tí adùn wà náà ni ìkorò wà. Bí a bá ń gé ìwúwo kúrò lára ọkọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó gé agbára mọ́ ọn. Clark kú sínú Lotus ní Hockenheim ní Jámánì ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1968. Ní 1969, apá afẹ́fẹ́ orí ọkọ̀ Hill àti ti Rindt ṣẹ́ nínú ìdíje kan náà ní Barcelona. Rindt kọ̀wé sí Chapman pé ẹ̀rù àwọn ohun èlò tí kò lágbára ń ba òun. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, Rindt kú ní Monza ní Ítálì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà pé ọ̀pá bíréèkì iwájú kan ni ó ṣẹ́. Òkú ni ó wà tí wọ́n fi fún un ní ipò ẹni àkọ́kọ́ láyé, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni àìsàn ọkàn pa Chapman lójijì, ní ẹni ọdún 54. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ fẹ́, tí a sì rí fùrọ̀ adìyẹ: owó tí ìjọba fi ran ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ DeLorean lọ́wọ́ ní Northern Ireland ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Ní 1992, ilé-ẹjọ́ sọ akápò rẹ̀, Fred Bushell, sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Adájọ́ náà kò sì fi bò pé bí Chapman bá wà láàyè, ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ ìbá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ni a fẹ́ mú nínú ìtàn yìí? Ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò ni ó kọ́ ayé ní ìṣirò ìwúwo. Lotus ta ẹ̀tọ́ Seven fún Caterham ní 1973, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n Chapman kò mọ ibi tí ó yẹ kí gígé dúró, ìbáà ṣe lára ọkọ̀, ìbáà ṣe lára òfin. Mekáníìkì Kìṣí tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí mọ ohun tí Chapman gbàgbé: bí ó ti wù kí ojú ń kán ènìyàn tó, nọ́ọ̀tì bíréèkì kọ́ ni a ń fi ṣe ìfà.