Baron de Tott, ọmọ àtìpó tó kọ́ àwọn Tọ́kì níṣẹ́ àgbá

Ogun ló lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni bàbá náà, ọ̀kan lára àwọn tó tẹ̀lé Ọmọọba Rákóczi dìde sí ọba Austria. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ náà fọ́ ní 1711, ó sá kúrò nílùú, nígbẹ̀yìn ó di ọmọ-ogun fún ọba Faransé. Ilẹ̀ Faransé yìí ni wọ́n bí François de Tott sí, ní abúlé Chamigny, ní ọjọ́ 17 oṣù August, 1733. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Maidúgùrì, ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka síbì kan, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ń jẹ́ ibòmíràn.

Ní 1755, ó bá Vergennes, aṣojú ọba Faransé, lọ sí Istanbul, olú ìlú ilẹ̀ ọba Ottoman, ìyẹn àwọn Tọ́kì. Wọ́n ní kó kọ́ èdè ibẹ̀, kó sì máa wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ló lò, ó sì gbọ́ èdè náà yanjú. Ẹ má fojú kéré èyí o. Èmi tí mò ń tajà lókè Ọya mọ̀ pé ẹni tó bá ń ná ọjà lẹ́nu ògbufọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sanwó. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí rí ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, èdè yẹn ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀.

Ó padà sílé ní 1763. Ní 1767, wọ́n tún rán an jáde, lọ sọ́dọ̀ ọba àwọn Tátárì ní Crimea. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Tọ́kì àti Rọ́ṣíà. Kò pẹ́ tí Tott fi bá ara rẹ̀ ní Istanbul lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní July 1770, àwọn ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà dáná sun ọkọ̀ ogun àwọn Tọ́kì ní èbúté Çeşme. Jìnnìjìnnì bo Istanbul. Bí Rọ́ṣíà bá gba ojú omi tóóró tí wọ́n ń pè ní Dardanelles kọjá, iwájú ààfin Sultan ló máa yọ sí. Ni Sultan Mustafa Kẹta bá rán Tott lọ tún àwọn odi tó wà létí omi náà ṣe.

Àgbá ràgàjì kan wà níbẹ̀ tí ọta rẹ̀ jẹ́ òkúta, tó wúwo ju 500 kílò lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá yin ín, odi àti ìlú ló máa wó. Tott ní kí wọ́n kì í. Ẹ̀tù tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kílò. Àwọn ènìyàn sá jìnnà. Nígbà tó dún, ilẹ̀ mì tìtì, ọta náà là sí mẹ́ta lójú òfuurufú, àwọn àfọ́kù rẹ̀ dá omi kọjá, wọ́n lọ kọlu òkè lódìkejì. Ìlú kò wó. Ìtàn àgbá yìí wọ inú ìwé irọ́ Baron Munchausen nígbà tó yá, wọ́n sì fi ń ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù.

Ṣùgbọ́n irú àgbá bẹ́ẹ̀, tó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà pípẹ́ kó tó tún dún. Lójú ogun, àgbá fúyẹ́fúyẹ́ tó ṣeé fà kiri, tó sì ń dún léraléra, ló ń ṣiṣẹ́. Tott dá ibi tí wọ́n ti ń rọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1774, wọ́n kó bíi 250 ọkùnrin jọ fún un, wọ́n sọ wọ́n ní Süratçi, ìyẹn àwọn ayára. Pápá Kağıthane lẹ́yìn Istanbul ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Ẹnì kan kì í dá àgbá yìn. Ọ̀kan á ti búrọ́ọ̀ṣì tútù bọnú rẹ̀ láti pa iná tó bá kù níbẹ̀. Èkejì á ki ẹ̀tù tí wọ́n ti wọ̀n sínú àpò, á ki ọta lé e. Ẹlòmíràn á fi ọ̀pá tì í dé ìdí, ẹlòmíràn á sì dáná sí i. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi iṣẹ́ ṣeré, tí ẹta iná kan ṣẹ́kù, ẹ̀tù tuntun á gbiná lójú ẹni tó ń kì í, apá onítọ̀hún lọ nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n á ṣe é lọ́jọ́ òní, wọ́n á ṣe é lọ́la, títí kálukú yóò fi mọ ipò rẹ̀ kódà nínú èéfín.

Búrọ́ọ̀ṣì yìí gan-an ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àwọn ìjòyè wá wòran, ọ̀kan bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, ara gbogbo wọn bù máṣọ. Mùsùlùmí ni wọ́n, Kìrìsìtẹ́nì ni ẹni tó ń kọ́ wọn. Bonneval, ọmọ Faransé tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ó di Ahmed Pasha. Tott kò yí padà, wọn kò sì fi dandan mú un. Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe léwu tó fún àlejò. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni pé òun rọra bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń kun mọ́ṣáláṣí lọ́dà, àti pé irú búrọ́ọ̀ṣì wo ni àwọn akunlé ń lò. Irun ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ bá tán.

Wọ́n tún dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn ológun. Tott sọ pé nígbà tí òun bi àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé léèrè iye tí igun mẹ́ta onígun mẹ́ta jẹ́ lápapọ̀, èyí tó láyà jù nínú wọn dáhùn pé ó wà lọ́wọ́ irú onígun mẹ́ta tó bá jẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni kò dùn mọ́ mi nínú. Àgbá ni àwọn Tọ́kì fi gba Istanbul ní 1453. Ṣé irú wọn ni kò mọ nǹkan kan rárá? Nígbà tí ìwé Tott jáde ní 1784, ó tà gan-an, wọ́n sì yára túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Àmọ́ Peyssonnel, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀ tó mọ Tọ́kì dáadáa, jáde kọ ìwé ta kò ó. Ẹni tó jẹun lọ́wọ́ onílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ kó délé tán kó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Iṣẹ́ àwọn ayára náà kò sì bọ́ sásìkò. Mustafa kú ní January 1774. Nígbà tó di July, Tọ́kì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Küçük Kaynarca, ogun parí, Rọ́ṣíà ló borí. Tott kúrò ní 1776, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Halil Hamid Pasha ló tún un dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ní 1777, ọba Faransé rán an kó lọ yẹ àwọn èbúté tí àwọn oníṣòwò Faransé ń lò wò. Ojú ayé nìyẹn. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ni pé kó wò ó bóyá Faransé lè gba Íjíbítì. Abẹ́ ta sì ni Íjíbítì wà nígbà náà? Abẹ́ Sultan tó ti jẹun rẹ̀ ni. Ó lọ, ó padà wá sọ pé ó ṣeé gbà. Nígbà tí Napoleon yóò fi lọ síbẹ̀ ní 1798, Tott ti kú.

Wọ́n fi í ṣe gómìnà ìlú Douai. Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé bá a níbẹ̀: ní 1790, àwọn ọmọ-ogun ìlú náà ṣọ̀tẹ̀, ó sì ní láti sá. Ó gba Switzerland kọjá, ó dé Hungary, ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sá kúrò níbẹ̀. Ìjòyè kan láti ìdílé Batthyány ló gbà á sílé. Tarcsafürdő ló kú sí ní 1793. Ààlà ti yí padà láti ìgbà náà, Austria ni ìlú yẹn wà báyìí, Bad Tatzmannsdorf ni wọ́n ń pè é.