Adéṣẹwà Ògúndé, Oníjó tí Sinimá Kò Bá Láyé

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ eré orí ìtàgé ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Hubert Ògúndé ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògúndé láti ìgbà tí ẹgbẹ́ eré náà ṣì kéré, tí orúkọ rẹ̀ ti ń parẹ́ lọ́kàn àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Clementina Oguntimirin ni orúkọ tí ó gbé wọ inú ẹgbẹ́ náà. Adéṣẹwà Ògúndé ni àwọn òǹwòran wá mọ̀ ọ́n sí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Kí a tó lè mọ iyì ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí a rántí bí ayé ti rí fún obìnrin tí ó bá fẹ́ ṣe eré nígbà náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ọdún 1944, tí Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ni. Kò sí ìyá tí yóò bínú pé ọmọ òun kọrin fún ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó pinnu pé eré ni òun yóò fi jẹun, ọ̀rọ̀ di ọ̀tọ̀. Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa gba owó nítorí pé ó ń jó níwájú àwọn ọkùnrin lálẹ́? Oníṣekúṣe ni àwọn òbí ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn tí ó kọ ìtàn Ògúndé sọ fún wa pé nígbà tí ó kéde pé òun ń wá òṣèré obìnrin, kò rí ẹni kan. Ìgbà tí ó yí ìkéde náà padà pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá ni wọ́n tó rọ́ dé. Ọgbọ́n àyínìke ni, a kò ní yìn ín jù, ṣùgbọ́n ó ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1946, nínú ìkéde eré Tiger's Empire, a rí orúkọ Beatrice Oyede àti Abíkẹ́ Táíwò, obìnrin méjì tí a fi orúkọ ara wọn pè gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí ń gba owó iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Clementina gbà wọlé.

Ní 1947, òun àti Ògúndé lọ sí London. Wọ́n ń wá àwọn tí ó lè bá wọn gba àyè láti ṣe eré níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí ó gbà. Ẹlòmíràn ìbá dì ẹrù rẹ̀ kí ó máa sunkún bọ̀ wálé. Àwọn méjèèjì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ijó ni wọ́n bọ́ sí, ti Buddy Bradley, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó tẹ̀dó sí London. Ọkùnrin yìí ti kọ́ ọ̀pọ̀ òṣèré aláwọ̀ funfun ní New York ní ijó, láìjẹ́ pé a kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé eré wọn. Òun náà ni ó ṣètò ijó Jessie Matthews, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òṣèré sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú sinimá Evergreen ti 1934. Lọ́dọ̀ irú ọ̀gá yìí ni ọmọ Yorùbá méjì ti kọ́ ijó waltz àti ijó táàpù.

Ijó táàpù yàtọ̀. Irin pẹlẹbẹ ni wọn ń kàn mọ́ abẹ́ bàtà, níwájú àti ní gìgísẹ̀, oníjó yóò sì máa fi í lu ilẹ̀ pákó títí ẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi máa dún bí ìlù. Kò yẹ kí èyí ya ará Ọ̀wọ̀ àti Upenmen lẹ́nu. Ní àkókò ọdún Ìgógo, ìlù kì í dún láàárín ìlú wa. Agogo irin ni a fi ń jó, Ọlọ́wọ̀ pàápàá yóò sì di irun, yóò wọ ìlẹ̀kẹ̀, yóò jó jáde ní ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, obìnrin tí kò sí láyé mọ́ láti ayébáyé.

Ẹ̀kọ́ London kò pẹ́ kí ó tó wúlò. Ní 1948, Ògúndé kó eré King Solomon lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, òwò náà sì fọ́ mọ́ ọn lórí, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ijó àti orin jáàsì irú ti Bobby Benson ni wọ́n sì fẹ́. Ó padà wálé, ó tún eré mìíràn ṣe, Swing the Jazz, ó kó o lọ, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. A kò rò pé àsọdùn ni bí a bá sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní ẹsẹ̀ tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Adéṣẹwà di aya Ògúndé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e nínú ilé àti lórí ìtàgé, títí àwọn ìyàwó fi di òpómúléró ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwa rò ó sí ọ̀nà méjì. Nígbà tí ọmọbìnrin tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ bá rí ọkọ síta, ọkọ náà kì í jẹ́ kí ó padà sí ìtàgé mọ́. Nítorí náà, ìgbéyàwó nínú ẹgbẹ́ ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà bàjẹ́. Ó sì fún obìnrin ní ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹnu ayé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ọkọ rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbé ẹjọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ orí ìtàgé ni tirẹ̀, iṣẹ́ ilé ni tirẹ̀, ìrìnàjò òru nínú mọ́tò sì ni tirẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, gbogbo ilé ni ó kàn. Láti Ìbàdàn títí dé Ọ̀wọ̀, kò sí gbọ̀ngàn tí wọ́n lè ṣí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó mọ ìjà ìgbà náà mọ ohun tí a ń wí. Ó di oṣù kejì ọdún 1966, lábẹ́ ìjọba ológun Fájuyì, kí òfin náà tó kúrò. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọkùnrin ni ìwé ìtàn dárúkọ. Àwọn obìnrin tí kò rí owó ọjà gbà fún nǹkan bí ọdún méjì kò sí níbẹ̀.

Ìjàǹbá mọ́tò ni ó pa Adéṣẹwà ní 1970, ní àkókò tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń rìn káàkiri ìlú. Ajáni Ògún, tí a kà sí sinimá Yorùbá àkọ́kọ́, jáde ní 1976. Ní 1979 ni Ògúndé fúnra rẹ̀ gbé Ayé jáde, lẹ́yìn rẹ̀ Jáíyésinmi ní 1980, àti Àrọ́pin N'Tènìà ní 1982. Àwọn òǹwòran tò lọ bẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá, wọ́n rí bàbá náà àti àwọn ará ilé rẹ̀ lójú aṣọ funfun. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ nínú wọn jáde, Adéṣẹwà ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀.