Michael Faraday, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1791 ni a bí Michael Faraday ní Newington, nítòsí London. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀, òṣì kò sì jẹ́ kí ọmọ náà pẹ́ ní ilé-ìwé. Ní ọmọ ọdún 14, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Riebau, ẹni tí ń di ìwé pọ̀ tí ó sì ń tà á. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀, ó sì ń ka ìwé tí a gbé wá fún dídì. Ní ọdún 1813, Humphry Davy gbà á sí Royal Institution gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́.

Nígbà náà, a ti mọ̀ pé bí irin méjì bá kọjú síra láìfarakanra, a lè kó iná mànàmáná pamọ́ sórí wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka ohun tí ó wà láàárín wọn sí ìdènà lásán. Ní ọdún 1837, Faraday ṣe ohun èlò méjì tí ó bára mu: bọ́ọ̀lù idẹ nínú bọ́ọ̀lù idẹ tí ó tóbi jù ú. Ó kó iná sínú ọ̀kan, ó sì fi kan èkejì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú méjèèjì, iná náà pín dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí imí-ọjọ́ dí apá kan àlàfo ọ̀kan, èyí tí ó ní imí-ọjọ́ gba ìpín tí ó pọ̀ jù. Gíláàsì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Iná kò la imí-ọjọ́ kọjá, síbẹ̀ imí-ọjọ́ ń ràn án lọ́wọ́ láti wà ní ìpamọ́.

Iṣẹ́ yìí wà lókè àjà ilé wa ní Festac àti Amuwo-Odofin. Nínú kapásítọ̀ fáànù, ọ̀rá tín-ín-rín ni ó wà láàárín irin. Bí kapásítọ̀ náà bá bàjẹ́, fáànù a máa kùn láìyí. Lẹ́tà F tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀ dúró fún orúkọ Faraday.

Alàgbà ni Faraday nínú ìjọ kékeré tí à ń pè ní Sandemanian. Ó kọ oyè Sir, ó sì kọ ipò ààrẹ Royal Society, ṣùgbọ́n kò kọ̀ láti dá àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ ní àsìkò Kérésìmesì. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1867. A sì sin ín sí Highgate láìsí ayẹyẹ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ tú fáànù tí ó bàjẹ́ wò, ẹ má yára lé e. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kapásítọ̀ a máa di iná mú lẹ́yìn tí a bá ti pa á.