Andrew Foster: Adití Tí Ó Di Olùkọ́ Àwọn Olùkọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan ọmọ bíbí inú ẹni, bẹ́ẹ̀ náà ni ó kan ilé-ìwé. Ìjọba tàbí ìjọ lè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó dára fún àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe, ṣùgbọ́n bí kò bá sí olùkọ́ tí a ti kọ́ ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ wọn, ilé lásán ni ilé náà. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣe ẹ̀rí sí òtítọ́ yìí. Ìlú Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí Fìdítì àti Ìlọrà, wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1925 ni a bí Foster ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ní ọdún 1936, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àrùn yírùnyírùn kọlu òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àwọn méjèèjì sì di adití. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àti orin láti kékeré ni ìdákẹ́jẹ́ dé bá lójijì.

Ní Alabama ìgbà náà, ọ̀tọ̀ ni ilé-ìwé àwọn adití aláwọ̀ funfun, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún àwọn aláwọ̀ dúdú kò sì lọ jìnnà. Èyí mú kí Foster kó lọ sí ìpínlẹ̀ Michigan ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí ó lè ríṣẹ́ kí ó sì tún lè kàwé sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, ó ń kàwé ní alẹ́, ó sì fi ẹ̀kọ́ tí a ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ parí ẹ̀kọ́ girama rẹ̀.

Ìlàkàkà Láti Kàwé

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní Washington, tí ó wà fún àwọn adití láti ọdún 1864, ni ọkàn Foster fà sí. Wọ́n kọ ìwé ìbéèrè rẹ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ọdún 1951 ni wọ́n gbà á wọlé. Nígbà tí ó gboyè jáde ní ọdún 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ìmọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó tún gba oyè ìjìnlẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Michigan, lẹ́yìn náà ó gba òmíràn ní ìlú Seattle.

Ìrìn-àjò sí Áfíríkà

Bí ó ti ń kàwé ni ó ń wádìí nípa àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí ó rí ni pé ilé-ìwé wọn kò pọ̀ rárá. Ní ọdún 1956 ó dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, ní ọdún 1957 ó sì gúnlẹ̀ sí Accra ní ilẹ̀ Gánà. Kò dúró de ìgbà tí yóò ní ilé tirẹ̀. Ó tọrọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan, bí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbọ́ràn bá ti ṣíwọ́ ní ọ̀sán, àwọn adití a wọlé, tọmọdé tàgbà.

Ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni Foster dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tún dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Kaduna àti Enugu. Ní ọdún 1961 ó gbé Berta Zuther ní ìyàwó ní Nàìjíríà. Adití ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni obìnrin yìí, ó sì di alábàáṣiṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

Kíkọ́ Àwọn Olùkọ́

Foster tètè mọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá kọ́ adití gbogbo Áfíríkà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ó ti ń wá akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń wá ẹni tí yóò di olùkọ́. Ní Ìbàdàn ni ó ti ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ́ adití jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Láti àárín àwọn ọdún 1970, àwọn kan wá láti Benin, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ èdè Faransé. Adití ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́ èdè àmì àti ọgbọ́n ìkọ́ni, wọ́n sì padà sílé láti dá ilé-ìwé sílẹ̀.

Nǹkan tuntun ni èyí jẹ́ lójú ayé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni àánú ni adití, pé kí a fún un lóúnjẹ ti tó. Foster fi adití síwájú kíláàsì, ó fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́. Ọmọ adití tí ó bá rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ láìsí àsọyé pé òun náà lè di ènìyàn láwùjọ. Gabriel Adepoju, Peter Mba àti Ezekiel Sambo wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí iṣẹ́ Foster la ọ̀nà Gallaudet fún. Ilé-ìwé tí Foster dá sílẹ̀ tàbí tí ó lọ́wọ́ nínú ìdásílẹ̀ wọn lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13.

Ọ̀rọ̀ Èdè

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Ní ti adití, ojú àti ọwọ́ ni. Nígbà tí Foster dé, ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé dandan ni kí adití kọ́ bí a ṣe ń fẹnu sọ̀rọ̀, kí ó sì máa wo ètè olùkọ́. Foster ní tirẹ̀ lo àmì ọwọ́ pẹ̀lú ìwé kíkọ àti ètè wíwò, kí ọmọ lè gbá ìmọ̀ mú láti ibikíbi.

Síbẹ̀, èdè àmì ti Amẹ́ríkà ni ó mú wá. Òun ni ó fi jẹ́ pé àmì tí wọ́n ń lò ní ilé-ìwé adití Nàìjíríà jọ ti Amẹ́ríkà gan-an. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn adití ti ní àmì tiwọn kí ó tó dé. Àwọn adití Hausa ní èdè ọwọ́ tiwọn ní Kano, àwọn onímọ̀ èdá-èdè sì ti kọ̀wé lórí àmì àwọn adití ilẹ̀ Yorùbá. Foster ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àmì ilé kò rí àyè wọlé tó bí ó ti yẹ. Ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni ó tọ́ kí ó tún iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò.

Ikú àti Ogún Rẹ̀

Gallaudet fún Foster ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1970. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1987, bàálù kékeré tí ó wọ̀ já ní Rwanda, ó sì kú ní ẹni ọdún 62. Ilé-ìwé rẹ̀ kò tìtorí ikú rẹ̀ pa dé, nítorí ó ti kọ́ ènìyàn.

Kí ó tó kú ni ìjọba Nàìjíríà ti fi ẹ̀kọ́ àkànṣe sínú Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò máa kọ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀; Ìbàdàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Ọ̀yọ́, ìlú tí ó múlé gbe Afijió.

Ìkádìí

Kì í ṣe ilé-ìwé adití nìkan ni ọmọ adití wà. Olùkọ́ tí a bá rán lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Fìdítì tàbí Ìlọrà lè bá ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa pàdé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní olódo. Bí olùkọ́ náà bá mọ̀ pé kí òun mú ọmọ náà jókòó síwájú, kí òun kọjú sí i bí òun bá ń sọ̀rọ̀, kí òun kọ kókó iṣẹ́ sára pátákó, kí òun sì kọ́ àmì tí ọmọ náà ń lò nílé, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò tó fún un. Ó yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa lọ léraléra fún gbogbo olùkọ́, kì í ṣe fún àwọn tí wọ́n kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe nìkan. Ọ̀nà tí Foster tọ̀ ní Ìbàdàn nìyẹn, títí ọlọ́jọ́ fi dé.